Bí Bàbá Dákẹ́ Ṣe Kí Káfíńtà Nílé Ìwòsàn

Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ onígbàjámọ̀ wa ní Bàbá Dákẹ́. Kì í ṣe pé ó ya odi. Bó bá gbé abẹ lé ọ lọ́rùn, tí o wá fẹ́ máa rojọ́, ohun kan ṣoṣo tí yóò sọ ni, "Dákẹ́." Ì báà ṣe ọ̀gá ilé ìwé ni ọ́, ì báà ṣe àna rẹ̀. Ó ní ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ló ń pè. Ìgbà tó bá gbé abẹ kúrò láti nù ún lára aṣọ tó fi kọ́ èjìká lo tó lè sọ tìrẹ. Yóò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò ní tíì dá ọ lóhùn. Yóò gbé abẹ padà, yóò fá ibi tó kàn, yóò tún gbé e kúrò, ìgbà yẹn ni èsì yóò tó jáde. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn á sọ tán lórí ìdúró, bó bá jẹ́ lórí àga Bàbá Dákẹ́ ni, irungbọ̀n á ti tán kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ògiri pákó ló là ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì láàárín, ọkọ mi ló sì kàn án. Àlàfo kan wà nínú ògiri náà tí wọ́n máa ń gbà bú ara wọn. Ọkọ mi á ní, "Dákẹ́, ẹni tó ń ké lọ́dọ̀ rẹ yẹn, ṣé irun lò ń gé àbí etí?" Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ọkọ mi bá ti gbàgbé ohun tó sọ, ohùn á wá gba inú àlàfo wọlé wẹ́rẹ́: "Etí ni. Tìrẹ ló kàn." Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi láti ẹnu ọ̀nà ilé wa lódìkejì títì.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé bí àwọn bá fẹ́ lọ kí aláìsàn nílé ìwòsàn, kí ni kí àwọn mú dání, kí ni kí àwọn sọ. Wọ́n rí i pé mo ti jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rí. Ohun tí mo mọ̀, ara onígbàjámọ̀ yìí ni mo ti rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ròyìn rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ló ń bá ọkọ mi jà. Ìṣó wá gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Káfíńtà wo ni ìṣó kì í gún? Ó fà á yọ, ó nu ojú ibẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó fún mi, títí òórùn fi tú u fó. Nígbà tí a ó fi dé ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti dúdú, dúdú náà sì ti ń gòkè.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó sì ní sùúrù. Ó ṣàlàyé fún wa yékéyéké pé ẹsẹ̀ náà ti kú, pé bí wọn ò bá gé e nísàlẹ̀ orúnkún, ikú tó wà níbẹ̀ á gòkè wá bá gbogbo ara. Ó ní kò yẹ kó pẹ́ mọ́. "Ṣùgbọ́n ara yín ni, Bàbá. Bí ẹ ò bá gbà, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án."

Ọkọ mi wò ó. Ó ní, "Ọmọ mi, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́." Ó bá kọjú sí ògiri. Láti ìgbà náà, bí kì í bá ṣe "omi" tàbí "ó ti tó," kò sọ nǹkan míràn fún ẹnikẹ́ni. A ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé bó bá kọjú sí ògiri bẹ́ẹ̀ pẹ́ jù, yóò kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ wá wo èrò. Ìfẹ́ ló gbé wọn wá, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, wọ́n dé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó fẹ́ gbé pákó. Wọ́n dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká, eruku igi ṣì wà lára wọn, aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan bi í pé, "Ṣé ara ti ń le?" Èkíní bi í, èkejì bi í, ẹni tó gbọ́ nígbà tí èkejì ń bi í tún bi í. Ọ̀kan fìdí lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún gan-an, bẹ́ẹ̀dì náà mì, mo rí i bí ẹnu ọkọ mi ṣe fún pọ̀. Nígbà tí kò dá wọn lóhùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, bí ẹni pé tábìlì ni wọ́n dúró yí ká. Nọ́ọ̀sì ló fi ọgbọ́n lé wọn jáde.

Aládùúgbò wa obìnrin dé tẹ̀lé wọn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má bẹ̀rù, àbúrò bàbá òun náà ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣeun. Àwọn náà wá ńkọ́ báyìí?"

Ó ní, "Àwọn wo? Wọ́n ti kú. Ṣùgbọ́n tiyín ò ní rí bẹ́ẹ̀."

Mo yíjú wo bẹ́ẹ̀dì. Ojú ọkọ mi pa dé, ṣùgbọ́n etí kì í ní ìdérí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló wá dé ní tirẹ̀. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà, gbogbo wa ló ń pè é ní Ìyá. Ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì wá sínú báàgì ńlá. Nọ́ọ̀sì rọra gbà á, ó ní, "Ìyá, dókítà ní kí wọ́n má jẹ ṣúgà."

Ìyá ní, "Wọ́n ò tíì bí ẹ nígbà tí mo ti ń fún un lóúnjẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo kàn ń bá yín fi pamọ́ ni. Ẹ ó bá a nílẹ̀ bí ẹ bá ń lọ."

Ìyá yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní ta ló fẹ́ fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ó ní ìbẹ̀rù ọ̀bẹ kò yẹ ọkùnrin. Ògiri ni ọkọ mi ń wò. Bó ṣe di ọjọ́ kejì, ọgbọ́n míràn ti dé orí Ìyá. Ó ní ká lọ bá dókítà, kí wọ́n fún un lóògùn oorun, kí wọ́n gé e kó tó mọ̀. "Bó bá jí, ó di ohun tó ti ṣẹlẹ̀."

Bàbá Dákẹ́ kò tíì yọjú ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn kan sì ti ń yínmú sí i pé irú ọ̀rẹ́ wo nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé ó ti pè mí lórí fóònù. Ó bi mí pé, "Ìyàwó, ìgbà wo ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ènìyàn wọlé? Ìgbà wo lara rẹ̀ máa ń fúyẹ́ díẹ̀? Kó o sì bá mi bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí n wá." Ìbéèrè ìkẹyìn yìí, ẹnì kan ò tíì béèrè rẹ̀. Mo bi ọkọ mi. Ó ní, "Irungbọ̀n ń yún mi."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ, tí wọ́ọ̀dù ti parọ́rọ́. Ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi ẹnu ọ̀nà, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Kò tíì wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ lọ, ó sì fi abẹ tuntun hàn án nínú bébà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Onígbàjámọ̀ ni mí. Káfíńtà yín ní irungbọ̀n ń yún òun. Ṣé mo lè bá a fá a, àbí kí n padà sílé?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, àtọ̀gbẹ ló ń ṣe wọ́n. Bí ẹ bá gé wọn pẹ́nrẹ́n báyìí, egbò míràn nìyẹn."

Bàbá Dákẹ́ rò ó wò. "Bí mo bá gé e, ẹ gba abẹ lọ́wọ́ mi, kí ẹ fá orí mi kodoro lójú gbogbo wọ́ọ̀dù."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un. "Mo máa dúró síbí máa wò yín o."

"Ẹ máa wò mí. Ó ti mọ́ mi lára, mo níyàwó nílé."

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, Ìyá ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ oògùn oorun, ó ń bá mi sọ ọ́ gba orí ọkọ mi kọjá. Bàbá Dákẹ́ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí i. Ìyá ní, "O káre, bá wa dá sí i. A fẹ́ kí dókítà gé e nígbà tó bá ń sùn."

Bàbá Dákẹ́ ń tú aṣọ ìnura rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí ló dùbúlẹ̀ yìí, kò sì sùn."

Ìyá pòṣé, ó gbé báàgì rẹ̀ lọ sídìí fèrèsé. "Ẹ máa ṣe é lọ," ló wí. "Onígbàjámọ̀ àti káfíńtà. Bí ilé bá wó tán, kí ẹ gé irun rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin yìí wá ṣe. Gbogbo àwa tí a ti ń wá, ẹ̀yìn ọkọ mi là ń bá sọ̀rọ̀. À ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Kọjú sí wa." Àlàfo tóóró kan wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, kò sẹ́ni tó rò pé ènìyàn lè wọ ibẹ̀. Bàbá Dákẹ́ bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n lè fa bẹ́ẹ̀dì díẹ̀. Wọ́n fà á. Ó fún ara rẹ̀ wọlé, ó fi ìdí kan jókòó lórí ike omi tó dorí rẹ̀ kodò, ojú rẹ̀ wá ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ọkọ mi. Kò ní kó yíjú sí òun. Ibi tí ojú wà lòun lọ.

Kò bi í pé ṣé ara ti ń le. Ó ní, "Mo dé." Ó fi ọṣẹ kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Mo ń gbọ́ ìró abẹ náà, bí ẹni tó ń rìn lórí iyanrìn. Ó fá, ó gbé abẹ kúrò, ó nù ún, ó dúró díẹ̀. Ọkọ mi ò sọ nǹkan. Ó tún fá, ó tún dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó tún gbé abẹ kúrò, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi.

"Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi?"

Abẹ padà. Abẹ kúrò. "Mo tì í. Eku kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń ṣe bí ọ̀gá."

Abẹ padà. Abẹ kúrò. "Ẹsẹ̀ òsì ni," ni ọkọ mi wí.

Mo retí kó dá a lóhùn. Ó gbé abẹ padà, ó fá abẹ́ etí, ó gbé e kúrò, ó ń nù ún, síbẹ̀ kò sọ nǹkan. Ọkọ mi bá ń bá a lọ.

"Òun ni mo fi ń tẹ pákó mọ́lẹ̀ bí mo bá ń fi ayùn rẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ òsì á tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún á rẹ́ ẹ. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn láti kékeré. Gbogbo wọn ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé e. Ta ló máa wá bá mi tẹ pákó?"

Ẹ̀rù ọ̀bẹ kọ́. Ẹ̀rù ikú kọ́. Èmi tí mo ti ń wo ọkùnrin yìí tó ń rẹ́ pákó láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, kò sọ sí mi lọ́kàn. Ìyá dìde nídìí fèrèsé, ó la ẹnu, ó ní, "Ṣé nítorí pákó lásán lo..."

Bàbá Dákẹ́ ò wẹ̀yìn. Ó kàn na abẹ sókè. "Ẹ dákẹ́, Ìyá," bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà. Ìyá sì dákẹ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Bó bá jẹ́ àwa ni, mo mọ ohun tí à bá sọ. À bá ní má ronú, Ọlọ́run á ṣe é. À bá ti sọ ọ́ kó tó sọ tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n abẹ wà lọ́rùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀, nínú ìdákẹ́ náà ni omijé ọkọ mi jáde, ó sì ṣàn wọnú ọṣẹ. Bàbá Dákẹ́ fi aṣọ nu méjèèjì papọ̀ bí ẹni pé omi ọṣẹ náà ni.

Ó wá ní, "Mi ò mọ̀. Mi ò mọ ẹni tó máa bá ọ tẹ̀ ẹ́."

Abẹ padà. Abẹ kúrò. Ọkọ mi ní, "O ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Onígbàjámọ̀ ni mí." Ó fá àgbọ̀n rẹ̀ tán kó tó parí ọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n mo mọ káfíńtà kan tó kan ògiri fún mi, àlàfo wà nínú rẹ̀ tó gba àtẹ́lẹwọ́, ó sì sọ fún mi pé nítorí atẹ́gùn ni. Ẹni tó lè rí irú àwáwí yẹn, á rí ohun tó máa tẹ pákó."

Inú ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. "Má mú mi rẹ́rìn-ín, abẹ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ."

"Dákẹ́," ni Bàbá Dákẹ́ wí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ ọkọ mi jáde láti abẹ́ aṣọ, ọwọ́ tí okùn omi tí wọ́n fà sí i lára wà. Ó ní, "Bí ènìyàn bá jókòó, tó kan igi méjì dúró lára tábìlì, tó há pákó sáàárín wọn." Ó ń fi ìka ya igi náà sínú afẹ́fẹ́. Bàbá Dákẹ́ gbé abẹ dúró lókè, ó jẹ́ kó yà á tán, ọṣẹ ti ń gbẹ lójú ọkọ mi.

Nígbà tó parí, ó fi dígí hàn án. Nọ́ọ̀sì wá yẹ ojú rẹ̀ wò, kò rí ẹ̀jẹ̀. "Orí yín yọ, Bàbá," ló wí. Bàbá Dákẹ́ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó dìde.

Ọkọ mi ní, "Jókòó díẹ̀ sí i."

"Rárá. Ìgbà tó o ṣì fẹ́ kí n jókòó ló yẹ kí n lọ. Bó bá dìgbà tó o fẹ́ kí n lọ, mo ti pẹ́ jù. Mo ń bọ̀ bí irun bá tún hù." Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, bí mo bá tún wá, màá jókòó tì í kó o lè lọ wẹ̀ kó o sì sùn díẹ̀. Ojú rẹ ti wọnú."

Ìyá tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. "Kí lo sọ fún un?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, Ìyá."

"Mo rí i pé o ò sọ nǹkan kan. Mo ní kí lo sọ?"

Ọkọ mi ti yíjú kúrò lára ògiri. Ó ní, "Lọ bá mi pe dókítà kékeré yẹn. Mo fẹ́ bi í bóyá ó dájú pé wọ́n á fi orúnkún sílẹ̀ fún mi." Dókítà wá, ó fi ọwọ́ hàn án níbi tí wọ́n á ti gé e. Ọkọ mi wò ó bí ẹni tó ń wọn igi, ó sì gbà.

Wọ́n gé e, ó sì yè é. Àwọn èrò tún dé, ṣùgbọ́n èmi ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n wọlé ní méjì méjì, kí ẹni tó ń wúkọ́ padà sílé kó fi fóònù kí i. Bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe àga, ẹ má fìdí kàn án. Oúnjẹ yòówù tí ẹ bá gbé wá, nọ́ọ̀sì ni kó kọ́kọ́ rí i. Bí dókítà bá dé, ẹ jáde kí wọ́n tó ní kí ẹ jáde. Ẹni tó bá ní ìtàn òkú lẹ́nu, kó sọ ọ́ fún mi níta, màá bá a gbọ́ ọ. Ẹni tó bá sì ní "bí ẹ bá nílò nǹkan, ẹ sọ," mo máa ń ní kó gba aṣọ tó dọ̀tí yìí lọ fọ̀. Aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ gbà á, ó sì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.

Ọkọ mi padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń jókòó ṣe é, igi méjì sì ń bá a di pákó mú. Àpótí ìjókòó kékeré kan ló kọ́kọ́ kàn. Ó tóóró, kó lè wọ àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Ó nà án sí Bàbá Dákẹ́ gba ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá Dákẹ́ jókòó lé e wò.

"Ó ń mì."

"Nítorí atẹ́gùn ni," ni ọkọ mi wí.

Àpótí náà ni Bàbá Dákẹ́ ń gbé lọ kí gbogbo aláìsàn láti ìgbà náà, ó fi há abíyá bí ìwé.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí ọkọ mi tó kú. Ilé ló kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ilé kún, wọ́n ń sọ fún mi kí n mọ́kàn le, kí n má sunkún mọ́. Bàbá Dákẹ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ níta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé mo lè wọlé?" Mo ní kó wọlé.

Ó gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Ó fi ọṣẹ kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá irungbọ̀n rẹ̀ kí a tó sin ín. Ó fá, ó gbé abẹ kúrò, ó nù ún, ó sì dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń dúró kí ẹni orí àga lè sọ tirẹ̀. Ó gbé abẹ padà. Ó gbé e kúrò, ó tún dúró. Bó ṣe ṣe é dé òpin nìyẹn, kò fo ọ̀kan. Ìyá ti darúgbó gan-an, ó jókòó nígun yàrá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó nu ojú ọkọ mi gbẹ. Ó mú dígí jáde nínú àpò, ó wò ó, ó dá a padà. Ó dìde, ó fẹ́ gbé àpótí náà.

Mo ní, "Ẹ jókòó díẹ̀ sí i."

Ó wò mí. Ó tún gbé àpótí náà sílẹ̀, ó sì jókòó.